Iye Tó Kù Nínú Ẹ̀jẹ̀

Nígbà tí chloroquine ṣì ni oògùn ibà tó wà ní gbogbo ilé, mẹ́rin lónìí, mẹ́rin lọ́la, méjì lọ́túnla ni àwọn ìyá wa há sórí. Ẹni tí ibà bá dá wó a gbé mẹ́rin àkọ́kọ́ mì, ara rẹ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tutù díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, yíyún á dé. Kì í ṣe yíyún kúrúnà tí èèyàn ń họ tó sì ń rọlẹ̀. Inú awọ lọ́hùn-ún ló ti ń jáde, ní àtẹ́lẹwọ́, ní àtẹ́lẹsẹ̀, ní àárín orí, bí wọ́n bá sì ṣe ń họ ọ́ tó ni ó ń le tó. Àwọn kan a da omi tútù sára lóru, àwọn kan a fi kànrìnkàn gbígbẹ ha ara wọn. Piriton, oògùn yíyún, kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ọ̀pọ̀ wọn kì í fọwọ́ kan ìyókù oògùn náà mọ́.

Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dán oògùn yìí wò ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù kò mọ irú ìyà bẹ́ẹ̀, nítorí pé kì í sábà yún aláwọ̀ funfun. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a ti ibi yíyún wọ ọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Lateef Akínọlá Sàlàkọ́. Bí mo ṣe lóye iṣẹ́ wọn, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n dìrọ̀ mọ́ jálẹ̀: oògùn tí à ń gbé mì níbí, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń gbé e mì níbí. Ohun tí wọ́n rí lára ọmọ ogun Amẹ́ríkà kò tó láti fi tọ́jú ọmọ ọdún méjì ní Ìbàdàn.

Ọdún 1935 ni wọ́n bí Sàlàkọ́. Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ dókítà, nígbà tó jẹ́ pé Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló ṣì ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ní oyè, wọ́n sì parí ní 1961. Wọ́n gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1969. Wọ́n padà sílé, ní 1973 wọ́n di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìmọ̀ oògùn ní Yunifásítì Ìbàdàn. Wọ́n ṣiṣẹ́ lórí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú, nínú àwọn ọdún 1990 wọ́n sì darí Ilé Ìwádìí Ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, l'Ékòó. Wọ́n papòdà ní 2017. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ìwádìí wọn gba ẹ̀mí là kò gbọ́ orúkọ wọn rí, èyí sì dùn mí.

Kí a tó débi iṣẹ́ wọn, ó yẹ kí a mọ ìtàn oògùn náà fúnra rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ májèlé ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Hans Andersag, onímọ̀ kẹ́mísìrì tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ Bayer ní Elberfeld, orílẹ̀-èdè Jámánì, ló ṣe é ní 1934. Resochin ni wọ́n pè é. Wọ́n dán an wò, wọ́n ní májèlé inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, wọ́n sì gbé e tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí ibà ń ṣe àwọn ọmọ ogun bí ọṣẹ ṣe ń ṣojú, ni àwọn ará Amẹ́ríkà tún un gbé yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ìdájọ́ àkọ́kọ́ yẹn kò tọ̀nà. Oògùn kan náà ni, èròjà kan náà ni; ìwọ̀n ni àwọn ará ìṣáájú kò mọ̀. Ẹni tó ń wádìí májèlé kì í béèrè pé ṣé nǹkan yìí ń pani. Ohun tó ń béèrè ni pé mélòó ló ń wo èèyàn sàn, mélòó ló ń pa á, àlàfo wo ló sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Ti chloroquine, àlàfo yẹn kò fẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé oògùn náà wọ inú ara. Láti inú ìfun ló ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló ń dúró síbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù ń sá wọ inú ẹ̀dọ̀, inú ẹ̀dọ̀fóró, inú awọ àti ẹyinjú, níbi tí aró dúdú tó ń fún awọ wa ní àwọ̀ ti ń dì í mú. Láti àwọn ibi wọ̀nyẹn ni yóò ti máa padà sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó kó owó pamọ́ sábẹ́ ẹní tó ń yọ ọ́ ná. Èyí ló fà á tó fi jẹ́ pé oṣù kan sí oṣù méjì ni ìdajì rẹ̀ fi ń kúrò lára. Nínú ẹ̀dọ̀, àwọn ènzáímù, pàápàá CYP2C8 àti CYP3A4, ń gé ẹ̀ka kékeré kan kúrò lára rẹ̀, ó sì ń di èròjà mìíràn tí wọ́n ń pè ní desethylchloroquine. Èròjà tuntun yìí náà ń bá kòkòrò ibà jà, ó sì lè pa ara lára bí ti àkọ́kọ́. Kíndìnrín ló ń da àwọn méjèèjì sínú ìtọ̀.

Ohun tí oògùn náà ń ṣe fún kòkòrò ibà tún máa ń yà mí lẹ́nu nígbàkigbà tí mo bá rò ó. Kòkòrò náà ń gbé inú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, ó ń jẹ èròjà tó sọ ẹ̀jẹ̀ di pupa. Ohun tó ń ṣẹ́ kù nínú oúnjẹ rẹ̀ yìí, hímù, májèlé ni fún kòkòrò náà fúnra rẹ̀, nítorí náà ó máa ń sọ ọ́ di èérún líle tí kò lè pa á lára. Chloroquine ló ń dí i lọ́wọ́. Oúnjẹ tí kòkòrò jẹ ni yóò wá pa á. Ṣùgbọ́n kí èyí tó ṣẹlẹ̀, oògùn gbọ́dọ̀ pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, kó sì wà níbẹ̀ pẹ́ tó. Iye wo ló pọ̀ tó? Nínú ara ta ni?

Ìbéèrè yìí ni Sàlàkọ́ àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Ìbàdàn mú lọ sí yàrá ìwádìí lẹ́yìn 1980. Walker ni alábàáṣiṣẹ́ wọn tó sún mọ́ iṣẹ́ yìí jù, wọ́n sì fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn ará Huddinge, nítòsí Stockholm ní Sweden, níbi tí Gunnar Alván àti àwọn mìíràn ti ní ọ̀nà láti wọn oògùn tó kéré gan-an nínú ẹ̀jẹ̀. Ní 1983 wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọdé tí ibà ń ṣe, tí wọ́n ń fún ní chloroquine: iye oògùn àti iye desethylchloroquine tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn nígbà ìtọ́jú àti lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1987 wọ́n tẹ òmíràn jáde lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ara wọn dá ṣáṣá, tí wọ́n gba oògùn náà láti ẹnu àti láti inú iṣan.

Ìwádìí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú gbogbo wọn ni ti kwashiorkor, tí òun náà jáde ní 1987. Gbogbo wa la mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀: ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, irun rẹ̀ pọ́n, awọ ara rẹ̀ ń bó, kò fẹ́ jẹun, kò fẹ́ ṣeré. Ibà sì kì í yọ̀ǹda ọmọ tí ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa. Dókítà yóò gbé ọmọ náà lé òṣùwọ̀n, yóò fi ìwúwo rẹ̀ ṣírò oògùn, yóò rò pé ìṣirò òun tọ́. Ẹgbẹ́ Ìbàdàn fún àwọn ọmọ tó ní kwashiorkor àti àwọn ọmọ tí kò ní i ní ìwọ̀n oògùn kan, wọ́n sì ń wo iye tó dé inú ẹ̀jẹ̀ bí wákàtí ṣe ń lọ. Ti àwọn ọmọ tí ebi ti bà jẹ́ kéré sí ti àwọn yòókù. Ohun gbogbo ń tọ́ka sí ìfun: ìfun tí àìjẹunre ti sọ di aláìlágbára kò gba oògùn náà dáadáa. Ọmọ gbé oògùn mì, ìyá rí i pé ó gbé e mì, dókítà kọ ọ́ sínú ìwé, síbẹ̀ iye tó yẹ kó bá kòkòrò jà kò dé ibi ìjà. Kò sí bí ẹnì kankan ṣe lè mọ̀ bí kò bá wọn ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà.

Ọ̀rọ̀ yíyún náà rí ìdáhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́. Ní 1971 ni Olátúndé, tí òun náà wà ní Ìbàdàn, ti tẹ ìwádìí jáde lórí iye chloroquine tó ń wọ inú awọ ehoro àti awọ èèyàn. Ní 1989, Ṣówùnmí, Walker àti Sàlàkọ́ kọ̀wé sí The Lancet lórí yíyún tí oríṣiríṣi oògùn ibà ń fà lára aláwọ̀ dúdú. Chloroquine ló gbawájú. Ní 2000 ni àwọn olùwádìí ní Ìbàdàn fi àwọn tí oògùn ń yún wéra pẹ̀lú àwọn tí kì í yún, wọ́n sì rí i pé ara àwọn tó ń yún kì í tètè yí chloroquine padà sí desethylchloroquine. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti jìnnà tó. Bí obìnrin kan ní Òkè-Àdó bá ní òun kò ní lo oògùn yẹn láéláé nítorí pé ó ń fẹ́ bó òun láwọ, tí àwọn nọ́ọ̀sì sì ń bá a wí pé kò ní sùúrù, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń bá wí.

Ewu tó wà níbẹ̀ kò mọ sí ìnira lásán. Ẹni tó lo mẹ́rin tó sì sá fún ìyókù ti fi oògùn díẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, tí kò tó pa gbogbo kòkòrò tó wà níbẹ̀. Àwọn tó ní agbára díẹ̀ láti fara dà á ni yóò ṣẹ́ kù, àwọn ni ẹ̀fọn yóò sì gbé lọ sára ẹlòmíràn. Ìmọ̀ nípa àbùdá ti fi hàn pé láti Éṣíà ni kòkòrò tó borí chloroquine ti wá sí Áfíríkà, kì í ṣe yíyún ló dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi gbà pé oògùn tí a kò lò tán ló ṣílẹ̀kùn fún un káàkiri àdúgbò wa.

Ní 1984, ìwé ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, tẹ àyẹ̀wò kan jáde tí Sàlàkọ́ kọ lórí májèlé àti ìpalára àwọn oògùn ibà ní Áfíríkà. Àkókò tó yẹ ni. Nígbà náà, àwọn èèyàn gbà pé abẹ́rẹ́ ló ń tètè ṣiṣẹ́, abẹ́rẹ́ chloroquine sì wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ àti ẹni tí kò kọ́ ọ. Bí oògùn yìí bá yára pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ a já wálẹ̀, ọkàn a sì lè dáwọ́ dúró. Àwọn ọmọdé ti kú báyìí ní ọ̀pọ̀ ibi, lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tí kò pẹ́ rárá, tí àwọn òbí wọn sì gbà pé ibà ló pa wọ́n.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ náà ló ṣẹlẹ̀ sí amodiaquine, tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà mọ̀ sí Camoquin. Ẹ̀dọ̀ ló ń sọ ọ́ di desethylamodiaquine tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn tún wà tí ara fi ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di èròjà oníwàhálà tó ń lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì, tó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, tó sì lè pa sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ run. Nínú àwọn ọdún 1980, àwọn arìnrìn-àjò láti Yúróòpù tí wọ́n ń lò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti fi dènà ibà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn, àwọn kan kú. Ní 1990 WHO ní kí wọ́n má lò ó mọ́. Ní 1996 wọ́n dá a padà fún ìtọ́jú, nítorí pé ọjọ́ mẹ́ta tí aláìsàn fi ń lò ó kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú oṣù mẹ́fà tí arìnrìn-àjò fi ń dènà. Mo rò pé àwọn tó fẹ́ kọ́kọ́ gbà á kúrò lọ́wọ́ gbogbo ayé nítorí ìpalára tó bá arìnrìn-àjò gbàgbé ẹni tó ń kú lọ́wọ́ ibà gan-an. Ewu ti ta ni? Èrè ti ta ni? Kò yẹ kí a fi ti ẹnì kan dáhùn ti ẹlòmíràn.

Ẹ̀jẹ̀ wa fúnra rẹ̀ tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní 1956 ni wọ́n rí i ní Amẹ́ríkà pé primaquine, oògùn ibà mìíràn, ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa àwọn kan tí ènzáímù tí wọ́n ń pè ní G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin Yorùbá ló jẹ́ bẹ́ẹ̀, ara wọn le koko títí wọ́n á fi kan ohun tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò lè gbà. Lucio Luzzatto, ọmọ Ítálì tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn láti 1964 sí 1974, fi hàn pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1969 pé lára obìnrin tó ní oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjèèjì, kòkòrò ibà kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì tí G6PD rẹ̀ kò tó. Ohun tó ń gbà wá lọ́wọ́ ibà ló tún ń jẹ́ kí oògùn ibà pa wá lára.

Ìgbà tí ìmọ̀ nípa chloroquine jinlẹ̀ jù ní Ìbàdàn ni chloroquine bẹ̀rẹ̀ sí í já èèyàn kulẹ̀. Ní 1987, Sàlàkọ́ àti Adérọ̀unmú kọ̀wé sí The Lancet pé àwọn ti rí kòkòrò ibà tí chloroquine àti mefloquine kò ràn nínú ìgò ìwádìí ní Nàìjíríà. Ó gba ìgboyà. Oògùn náà kò wọ́n, ó wà ní gbogbo ìsọ̀, kò sì sí òmíràn tó ṣe é fi rọ́pò rẹ̀ fún tálákà. Wọn kò dúró síbẹ̀. Ní 1994 wọ́n tẹ ìwádìí jáde lórí artemether fún àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ibà ti wọ̀ lágbárí. Ní 1997, Ṣówùnmí, Odùọlá àti àwọn ẹgbẹ́ wọn fi hàn pé bí wọ́n bá fi chlorpheniramine, ìyẹn Piriton tí àwọn ìyá ń fún ọmọ nítorí yíyún, kún chloroquine, ó ń ṣiṣẹ́ ju chloroquine nìkan lọ lára àwọn ọmọdé. Ohun tí wọ́n ń lò nílé láti fi pẹ̀tù sí yíyún, tí kì í tilẹ̀ ràn án tó bẹ́ẹ̀, ń tún oògùn ṣe. Síbẹ̀ kòkòrò borí, ní 2005 ìjọba Nàìjíríà sì gba artemether-lumefantrine dípò rẹ̀.

Irúgbìn iṣẹ́ yẹn kò kú. Ní Ilé-Ifẹ̀, Ṣóyínká, Onyeji àti àwọn ẹgbẹ́ wọn fi hàn ní 2010 pé ritonavir, oògùn àwọn tó ní kòkòrò HIV, ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti yí kuníìnì, oògùn ibà mìíràn, padà, débi pé iye kuníìnì tí ẹ̀jẹ̀ ń rí ń di bí ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tí wọ́n bá fún ní ìwọ̀n tí wọ́n ti ń fúnni tẹ́lẹ̀ lè gba májèlé láìmọ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀ kan náà ni wọ́n ti ní kí àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn jẹ orógbó kí wọ́n tó lo kuníìnì, wọ́n sì rí i pé iye oògùn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn dínkù. Orógbó! Ohun tí à ń jẹ níbi gbogbo, tí dókítà kankan kì í béèrè nípa rẹ̀. Chinedum Peace Babalola, tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Ifẹ̀ tó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí bí ara ṣe ń yí oògùn ibà padà, ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìmọ̀ apòògùn ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, tí ààrẹ Amẹ́ríkà sì yin chloroquine lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn èèyàn l'Ékòó sáré lọ rà á, ó gbówó lórí, wọ́n sì gbé àwọn kan dé ilé ìwòsàn nítorí májèlé rẹ̀. Ó dùn mí, nítorí pé ìmọ̀ tó yẹ kó gbà wọ́n wà nílé tipẹ́tipẹ́, nínú ìwé tí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí fi ọwọ́ ara wọn kọ. Ẹnikẹ́ni nínú ìjọba ì bá gbé e sórí rédíò ní èdè Yorùbá ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, kó ṣàlàyé pé oògùn tó ń dúró lára ju oṣù kan lọ kì í ṣe ohun tí à ń lò ní àlòtúnlò.

Ní báyìí, artemether-lumefantrine ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń tọ́jú ibà: ẹ̀ẹ̀mẹfà ní ọjọ́ mẹ́ta. Lumefantrine kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ dáadáa bí kò bá bá ọ̀rá pàdé nínú ìfun, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí aláìsàn jẹun tàbí mu wàrà kó tó lò ó. Ní 2015, wọ́n kó ìwádìí láti ọ̀pọ̀ ibi jọ, wọ́n sì rí i pé iye lumefantrine tó ń kù nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kéékèèké tó rù kéré sí ti àwọn ọmọ tí kò rù, ìwọ̀n tí wọ́n sì ń fún wọn lè má tó. Ìfun ọmọ tí ebi ń pa ni ọ̀rọ̀ tún dé, bí ó ti rí pẹ̀lú chloroquine ní Ìbàdàn ní 1987. Kòkòrò tí artemisinin, ìdílé oògùn tí artemether wà nínú rẹ̀, kò tètè pa mọ́ sì ti yọjú ní Rwanda, Uganda, Eritrea àti Tanzania. Iye oògùn tó yẹ kí wọ́n fún ọmọ tó rù, kó lè pa irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ láì pa ọmọ lára, ni àwọn olùwádìí ń wá báyìí, inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà fúnra wọn ni wọ́n sì ti ń wá a.